Òwú Pupa Lẹ́nu Àpò

Rárá. Kì í ṣe àpò Bàbá. Àpò aláwọ̀ ewé ni ìjọba ìbílẹ̀ pín káàkiri ojúlé, bákan náà ni gbogbo wọn rí, ẹnu kan náà, àwòrán kan náà lára. Ta ni kò lè fi àgékù aṣọ di ẹnu àpò? Ẹnikẹ́ni ló lè ta kókó báyìí — kí ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí ó mú un gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, kí etí méjèèjì wá gùn dọ́gba bí ẹni fi téèpù wọ̀n wọ́n... Ẹnikẹ́ni.

Àpò wọn ni.

Ọwọ́ mi wà lórí kókó yẹn, kò sì fẹ́ tú u. Bàbá mi ti kú. A ti sin wọ́n. Mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí, mo ti jókòó sílé àbúrò mi tí àwọn èèyàn ń wọlé wá kí wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó ti tán. Mo padà síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mò ń sọ fún ara mi pé ibí nìkan ni mi ò ti ní pàdé wọn, torí wọn ò fẹ́ràn ibí, wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ibí rí láyé wọn. Ibí gan-an ni wọ́n sì ti ń dúró dè mí.

"Ẹ má dúró! Ẹ má dúró!" Ọ̀gá wa nìyẹn, lórí àtẹ̀gùn onírin, fèrè lọ́rùn. Má-Dúró là ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. Tó bá rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mú nǹkan kan nínú àpò tó ń wò ó, ó ní gbólóhùn kan tó máa ń sọ, àwàdà ni lójú tiẹ̀: "Bẹ́líìtì ò mọ bàbá ẹnì kankan o!"

Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ń lọ níwájú mi, rọ́bà dúdú, ó ń wárìrì díẹ̀ níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń tú àpò, mo dà á sórí bẹ́líìtì, àwọn tó kù ṣa tiwọn bó ṣe ń kọjá: Ẹlẹ́rìn-ín ń ṣa ike lápá ọ̀tún mi, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣa agolo, ìgò sì ni ti èmi fúnra mi, torí ìgò ò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn rárá. Títú ṣáá ni iṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ iṣẹ́ mi — lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù Bàbá, nígbà tí mi ò tíì tó ọmọ iléèwé, òwú ni mò ń tú. Atú-òwú ni wọ́n ń pè mí. "Atú-òwú mi dà?" Mà á ti abẹ́ tábìlì yọrí síta...

Má ronú ìyẹn. Tú àpò.

Mọ́tò tó ń yí bẹ́líìtì ló fà á tí àpò yìí fi pẹ́. Kí mọ́tò bẹ́líìtì tó jó, ohun tí ọkọ̀ akólẹ̀ bá kó wá lónìí, lónìí náà la máa ń tú u. Ó wá jó, èéfín dúdú, gbogbo wa sá jáde, Ẹlẹ́rìn-ín ń sá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ń wá òmíràn. Wọ́n ń wá a. Wọ́n ń wá a. Àpò ń gorí àpò nínú ọgbà, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Àárín ìgbà tí wọ́n ń wá mọ́tò yẹn ni Bàbá kú. Ní báyìí mọ́tò ti dé, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ wọn ló di ẹnu àpò yìí, ọwọ́ wọn ló wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà wọlé, wọ́n jókòó... Ìgbà tí à ń gbé wọn sínú sàréè, abẹ́ tapólì ni àpò yìí wà níhìn-ín, òjò ń rọ̀ lé e.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀, àpò ò lè sọ ọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ṣì ń tijú mi ni? Ìyẹn nìkan. Bí wọ́n bá bínú, èèyàn ń bínú. Ṣùgbọ́n ṣé ojú mi ṣì ń tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n gbórí lé ẹ̀yìn àga tí wọn ò sì gbé e kúrò mọ́? Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ síbi ìsìnkú, mo tún gbé e bọ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè bi. Ẹni tó lè dá mi lóhùn ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé.

Mo lè gbé e kọjá. Ó rọrùn. Mo lè gbé àpò náà bó ṣe wà, kí n gbé e sápá òsì, sáàárín àwọn tí a kọ̀ — àwọn tí iyẹ̀pẹ̀ kún inú wọn, àwọn tó ń rùn — ọkọ̀ á kó o lọ sí ààtàn, wọ́n á fi katakata bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n àpò Bàbá ò rí bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí àpò kan lágbègbè wa tó mọ́ tó tiwọn. Kí n wá sọ ọ́ sáàárín òkú eku?

Ọjọ́ tí mo lọ sọ fún wọn pé mo ti rí iṣẹ́... Mo ra búrẹ́dì dání. Wọ́n jókòó sídìí máṣíìnì tí kò ráṣọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ti kú nígbà yẹn, aṣọ tí wọ́n ti rán tán kún ọjà, ta ló tún ń gbé aṣọ lọ fún télọ̀ pé kó wá wọn òun láyà? Wọ́n gbé máṣíìnì wálé, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ife tíì sí. Mo ní, Bàbá, ìjọba ìbílẹ̀ ti gbà mí síṣẹ́. Ojú wọn tàn, mo rí i. "Ọ́fíìsì wo?" Mo ní, ibi àtúnlò ni, níbi tí a ti ń ya pàǹtí sọ́tọ̀... Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Irọ́ ni, wọn ò gbé e sílẹ̀, wọ́n là á mọ́ máṣíìnì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí inú bá ń bí wọn, etí ife fọ́ díẹ̀, tíì dà sórí máṣíìnì. "Ọwọ́ tí mo kọ́ ní abẹ́rẹ́..." Wọn ò parí ẹ̀. Ká ní wọ́n dúró níbẹ̀! Wọ́n wo ọwọ́ mi, tọ̀tún, tòsì, bí ẹni ń wo aṣọ tí iná jó. "Tó o bá tún ń bọ̀ nílé yìí, fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ síbi iṣẹ́ ẹ."

Báwo lèèyàn ṣe ń fi ọwọ́ sílẹ̀ síbi iṣẹ́? Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì, mo bá tèmi lọ. Búrẹ́dì ni mo fi sílẹ̀.

Mi ò padà. Wọn ò pè mí. Àwa méjèèjì, orí kunkun kan náà ni wọ́n fi mọ wá — Ìyá mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ìyá mi wà láyé, ẹni tó lè parí irú ìjà yìí ti lọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ń gbìyànjú. Ohùn àbúrò mi lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, ẹ kàn wọlé, ẹ ní ẹ kú ilé, ó tán." Tèmi: "Ṣé wọ́n ti ní kí n wá?" Tiẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ wá?" Tèmi: ó dàbọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ariwo àtúnlò gba ìlú. Ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gbé gbohùngbohùn sórí, ó ń yí àdúgbò po: ẹ fọ ìgò yín, ẹ tẹ agolo yín pẹlẹbẹ, ẹ má da oúnjẹ mọ́ ike. Alága fúnra rẹ̀ wá sí ọgbà wa, ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó mú ìgò kan ṣoṣo lókè, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó dá ìgò padà síbi tó ti mú un, ó wọ ìbọ̀wọ́ lọ. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọlé-wọlé ń gba ojúlé dé ojúlé, ó ń kọ́ wọn: àpò aláwọ̀ ewé fún ìgò, agolo àti ike, àpò dúdú fún ohun tó ń jẹrà, ohunkóhun tó bá léwu, ẹ wé e, kẹ́ ẹ fi àmì pupa sí i. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan fi iyẹ̀pẹ̀ kún inú àpò ewé. Ẹnì kan kó òkú eku sí i, ó sì di ẹnu rẹ̀ dáadáa bí ẹni di ẹ̀bùn fún àna.

Bàbá lé wọlé-wọlé jáde. Àbúrò mi ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Wọ́n ní, 'Mo ti ń dalẹ̀ nù kí wọ́n tó bí ìyá ẹ, ìwọ lo máa wá kọ́ mi?'" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo ní lọ́kàn mi pé èmi ni wọ́n lé. Aṣọ tí wọlé-wọlé wọ̀, irú rẹ̀ ni mo wọ̀.

Àpò wọn wá dé bẹ́líìtì. Láìròtẹ́lẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rí kókó yẹn, mo rí àgékù aṣọ kóòtù aláwọ̀ eérú. Mo tú u. Ìgò tí wọ́n fọ̀ tó ń dán. Agolo mílíìkì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò léra wọn bí aṣọ lílọ̀. Ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ́ po ní igun mẹ́rin. Mo ní, háà, ẹ̀rù ìjọba mà ń ba Bàbá mi! Mo sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ bí àwàdà. Láti ọjọ́ náà mò ń retí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo mọ irú tíì tí bàbá mi ń mu, mo mọ ìgbà tí wọ́n fi ṣúgà sílẹ̀, mo mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò torí mo rí páálí rẹ̀, òfìfo, wọ́n ń lò ó déédéé. Mo mọ̀ wọ́n ju ìgbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn lọ. Tí àpò wọn bá ti kọjá, mo mọ̀ pé wọ́n wà láàyè. Ó tó mi. Mo ní ó tó mi.

"Ìwọ! Kí lò ń dúró sí?"

Mò ń tú u, ọ̀gá. Mò ń tú u.

Mo fa etí kókó náà. Ó tú kíá, kókó wọn kì í ṣòroó tú, wọn ò ta kókó tó le rí, wọ́n ní kókó tó le ń ba aṣọ jẹ́. Òórùn tó jáde... kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí. Ọṣẹ ni. Ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tó rí gbọọrọ, tí wọ́n máa ń gé sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fọ àwọn ìgò yìí. Wọ́n dúró sídìí omi, wọ́n ń fọ̀ wọ́n, ikú sì ti wà nínú ilé.

Mi ò dà á sórí bẹ́líìtì. Mò ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò òróró kékeré. Agolo mílíìkì, ṣùgbọ́n kò pẹlẹbẹ, ó kàn wọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró. Ọ̀rá búrẹ́dì, wọn ò ṣẹ́ ẹ. Wọ́n gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ. Mo rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Páálí oògùn, òfìfo. Mo gbọn páálí oògùn náà létí mi, mi ò mọ ohun tí mò ń retí.

Nísàlẹ̀ pátápátá, àpò kékeré náà. Mo mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀. Ó ti ń wà níbẹ̀ látìgbà tí ìgò ti gé mi lọ́wọ́.

Ìyẹn... Àpò ẹlòmíràn ni ìgò náà ti wá, kì í ṣe tiwọn. Ìgò fífọ́ ló wà nínú ọ̀rá, ìbọ̀wọ́ mi ti ya, ìjọba ìbílẹ̀ ń wá òmíràn, bí wọ́n ṣe máa ń wá nǹkan. Ó ya àtẹ́lẹwọ́ mi láti ìdí àtàǹpàkò. Wọ́n rán an ní ọsibítù. Àbúrò mi rí i, ó pariwo, ó lọ sọ fún Bàbá. Ó wá pè mí: "Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tú àpò. Mo ní gbogbo àpò àdúgbò wa, ọwọ́ yín ló ń kọ́kọ́ kàn." Mo ní, kí ni wọ́n sọ? "Wọ́n ní kí n bi yín bí ọwọ́ yín ṣe rí." Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọwọ́ tí wọ́n ní kí n fi sílẹ̀! Mo ní, "Sọ fún wọn pé ó ṣì wà níbi iṣẹ́." Mi ò mọ̀ bóyá ó jíṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ kó má jẹ́ ẹ.

Àpò kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú àpò ńlá. Aṣọ tó nípọn, èyí tí à ń fi sínú kóòtù, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi ọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa, ìgò fífọ́ ń dún nínú rẹ̀. Òwú pupa. Mo rí òwú pupa, mo ní àmì ewu nìyẹn, òfin wọlé-wọlé nìyẹn. Bàbá mi tó lé wọlé-wọlé ti ń pa òfin mọ́, tí wọ́n bá sì máa pa á mọ́, àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa á mọ́, kí ìjọba lè mọ̀ pé télọ̀ ló ń gbé ojúlé yẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń wé ìgò sínú bébà. Mò ń bínú sí i. Ó ń gba àsìkò, Má-Dúró á máa fọn fèrè. Mà á mú abẹ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́líìtì, mà á là á láàárín, mà á da ìgò sínú garawa ìgò, mà á ju aṣọ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sí gbogbo wọn.

Ìgò yẹn náà sì ń dùn mí lọ́tọ̀. Ife ni. Ife tíì onígíláàsì, ti ilé wa, mo mọ̀ wọ́n, òdòdó búlúù kéékèèké lára wọn. Ife kan fọ́, mo ní kò burú. Àpò tó tẹ̀ lé e, ife mìíràn. Lẹ́yìn náà àwo. Lẹ́yìn náà ife. Mo ní, wọ́n ṣì ń là á mọ́ máṣíìnì. Tí wọ́n bá ti rántí mi, wọ́n á gbé ife sókè, wọ́n á là á mọ́lẹ̀. Mò ń wo àfọ́kù ife bí ẹni ń gbọ́ èébú. Ẹ wo bí inú ṣì ń bí wọn tó. Tí ife bá tán nílé, kí ni wọ́n máa fọ́?

Ó ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Abẹ. Abẹ mi dà? Okùn rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́líìtì, abẹ ò sí lẹ́nu rẹ̀. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi, mo fi la páálí, ó wà lọ́dọ̀ mi!" Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó nà án sí mi lókè bẹ́líìtì. Kò rẹ́rìn-ín, látàárọ̀ ni kò ti rẹ́rìn-ín torí mi, kò sì bá a mu rárá. Ọwọ́ mi kún. Mo ní kó dúró ná.

Ìránṣọ yìí wọ́.

Mi ò rí èyí rí. Bàbá mi tí wọ́n máa ń sọ pé ìránṣọ tó bá wọ́, ẹni tó rán an ló mutí. Bàbá mi tí àwọn télọ̀ tó kù máa ń gbé kọ́là wá fún pé ẹ bá mi rán ibí yìí, ọwọ́ tèmi ò gún. Ìránṣọ yìí lọ sókè, ó wá sísàlẹ̀, ó fò, ó padà. Abẹ́rẹ́ wọ ibì kan tí kò yẹ kó wọ̀, ó jáde, ó tún wá ibòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, ó kéré, ibi tí abẹ́rẹ́ gún ìka ni. Télọ̀ tó ti fi abẹ́rẹ́ jẹun láti kékeré dàgbà, abẹ́rẹ́ ń gún un.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n! Agolo tí wọn ò lè tẹ̀. Ọ̀rá tí wọn ò lè ṣẹ́. Àwọn ife yẹn... wọn ò là wọ́n mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ń bọ́ ni. Wọ́n á po tíì, wọ́n á gbé ife, ife á bọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ṣa á nílẹ̀, àwọn nìkan, nínú ilé yẹn. Èmi ni mo tò wọ́n sí èébú. Gbogbo àkókò yẹn, ohun tí mò ń kà sí ìbínú, àìsàn ni. Àìsàn ń wá bá mi lórí bẹ́líìtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mò ń gé e lábẹ.

Àti pé tí ọwọ́ èèyàn bá ń gbọ̀n báyìí... èéṣe tó fi ń ránṣọ? Bébà wà. Ọ̀rá wà. Àmì pupa tí wọlé-wọlé ń wí, kí ó fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó tán. Mélòó ni ojúlé tó wà lágbègbè yìí, ta ló tún ń rán ìgò fífọ́ sínú aṣọ? Kì í ṣe òfin. Kò sí òfin tó ní kí bàbá arúgbó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nítorí àfọ́kù ife.

Àtàǹpàkò mi ń lọ lórí ìránṣọ náà, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ó dé òpin. Òwú ò tán níbẹ̀. Ìrù òwú gùn jáde, ó gùn tó ìka mi, ó ń mì, kò sí kókó nídìí rẹ̀.

Wọn ò ta kókó.

Télọ̀ ò ní ránṣọ kó má ta kókó sí ìdí òwú. Àfi ìránṣọ kan. Èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ rán fẹ́rẹ́ kí aṣọ tó bọ́ sábẹ́ máṣíìnì, kí oníbàárà lè wọ̀ ọ́ wò, èyí tí ẹnì kan máa padà wá tú. Ìránṣọ tí èmi máa ń tú. Lọ́jọ́ kan, mo ṣì kéré, aṣọ funfun ni, òwú funfun, mi ò rí ìyàtọ̀, mo gbé abẹ, mo la aṣọ oníbàárà láti apá dé ìhà. Mò ń retí ìgbájú. Wọ́n wo aṣọ náà títí. Láti ọjọ́ kejì, òwú pupa ni wọ́n ń fi rán gbogbo ohun tí mo máa tú, funfun, dúdú, kóòtù ọkọ ìyàwó, kò sí èyí tí wọn ò fi òwú pupa rán. Àwọn télọ̀ ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ṣé aṣọ eégún lẹ̀ ń rán ni, tí pupa fi pọ̀ báyìí?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò mí lábẹ́ tábìlì. "Pupa ni tìẹ. Ibi tó o bá ti rí pupa, má gbé abẹ síbẹ̀, wàá gé ara ẹ. Wá ìdí ẹ̀, fà á, gbogbo ẹ̀ á tẹ̀ lé ọ."

Bàbá.

Mo gé gbogbo wọn. Mo fi abẹ gé gbogbo wọn.

Mo fi ìka méjì mú ìrù òwú náà. Mo fà á. Ó ń bọ̀... ó kọ́ díẹ̀ níbi tó ti wọ́, mo dúró, mo fà á jẹ́jẹ́, ó tún ń bọ̀. Ẹnu àpò là fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fọwọ́ kan ìgò, ìgò ò fọwọ́ kàn mí. Etí ife. Ìdí ife. Òdòdó búlúù kan tó pé pérépéré lára àfọ́kù kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe rò pé ó ń rí ní gbogbo ìgbà nìyẹn: wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ti rán tọ̀sẹ̀ náà tán, wọ́n á máa sọ lọ́kàn wọn pé ó ti ń fà á báyìí, ó ti rí pupa, kò ní gé ara ẹ̀.

Wọ́n á rò pé mo mọ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ń wò mí, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mi orí. Mi ò nílò rẹ̀. Ó na ọwọ́ kejì, ó bá mi ti ìgò òróró wọnú garawa, ó padà sídìí ike rẹ̀.

Ṣé wọ́n ṣì ń tijú mi? Bóyá. Bóyá wọ́n ṣì ń tijú iṣẹ́ yìí títí wọ́n fi gbórí lé ẹ̀yìn àga, wọn kì í ṣe ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ padà, wọn ò sọ fún àbúrò mi pé kó ní kí n wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ síbi iṣẹ́, wọ́n gbà pé ibí ló wà. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí i níbí. Kò sí oníbàárà mọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì ti di tábìlì tíì, ojú ò ríran dáadáa, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ṣì ń ránṣọ. Ọwọ́ mi yìí ni wọ́n ń ránṣọ fún.

Àtẹ́lẹwọ́ mi wà níwájú mi. Àpá náà fẹ́lẹ́, ó funfun, ìdí àtàǹpàkò dé àárín. Ó ti jiná, Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n bi mí. Ó ti jiná.

Mo da àfọ́kù ife sínú garawa ìgò. Mo ju aṣọ náà sínú... rárá, mi ò jù ú. Mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi sápò aṣọ iṣẹ́ mi. Òwú ni mo wé mọ́ ìka.

Fèrè dún. "Ẹ má dúró! Bẹ́líìtì ò mọ bàbá ẹnì kankan o!"

Mo fa àpò tó kàn sọ́dọ̀. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi di èyí, wọ́n ta kókó rẹ̀ le bí òkúta. Mo mú un, mò ń wá ìdí rẹ̀.